Yorùbá ni wọ́n fi rọ̀ mí, ìwé òyìnbó ni wọ́n fi dè mí: lẹ́tà ṣíṣí sí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà

Ẹ̀yin ọ̀gá wa ní Báńkì Àpapọ̀, àti Gómìnà yín, Ọ̀gbẹ́ni Olayemi Cardoso,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé, mo sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Aránṣọ ni mí kí n tó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ láti lọ dúró ti bàbá àwọn ọmọ mi ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta oúnjẹ adìyẹ. Kì í ṣe pé n kò rí ẹni tó lè bá mi tú lẹ́tà yìí sí òyìnbó. Mo fi Yorùbá kọ ọ́ nítorí pé Yorùbá ni wọ́n fi bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n wá tọwọ́ bọ̀wé. Ìwé tí mo tọwọ́ bọ̀ nìkan ló jẹ́ òyìnbó.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní í bá yín sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Àwọn ilé owó kéékèèké (microfinance) tí ẹ fún ní ìwé àṣẹ ń sọ ẹni tó kàn wá ran ọkọ tàbí aya rẹ̀ lọ́wọ́ di onígbèsè, wọn kì í sì í sọ fún un ní èdè tó gbọ́ pé ohun tí wọ́n ń sọ ọ́ dà nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ lágbára láti dá a dúró.

Lọ́dún 2016 ni bàbá àwọn ọmọ mi ṣí ṣọ́ọ̀bù náà, ní ọ̀nà Àkànràn. Ó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, orúkọ tirẹ̀ nìkan ló sì wà níbẹ̀. Èmi kò ní ìpín, n kò gba owó oṣù. Èmi ni mò ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, tí mò ń wọn fíìdì ní kóńgò fún àwọn tí apá wọn kò ká odidi àpò, tí mo sì ń kọ orúkọ àwọn tó gba àwìn sínú nóòtù kan tí èèpo rẹ̀ ti ya. Díẹ̀díẹ̀ ni orúkọ mi ń wọnú iṣẹ́ náà. Nọ́ńbà fóònù mi ni wọ́n kọ sára bọ́ọ̀dù ìta, torí pé tirẹ̀ kì í sábà lọ. Nọ́ńbà àkáǹtì mi la lẹ̀ mọ́ ògiri, torí pé àlẹ́ẹ̀tì tèmi ló ń tètè wọlé. Nígbà tó yá, ó mú mi lọ sí báńkì kí èmi náà lè máa fọwọ́ sí ìwé sọ̀wédowó, kí ọjà má baà dúró bí òun bá wà lọ́nà Ọ̀yọ́ níbi tó ti ń ra àgbàdo. Kò sí èyí tí mo rò lẹ́ẹ̀mejì nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń ran ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ kì í jókòó máa ka iye ibi tí orúkọ rẹ̀ ti hàn.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ọmọkùnrin kan wá bá wa láti ilé owó kan tí n kò ní dárúkọ. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku fíìdì kó tó jókòó sórí àpò. Ó ní àwọn máa yá ṣọ́ọ̀bù wa ní ₦1,200,000. Bàbá àwọn ọmọ béèrè iye èlé, ó sọ ọ́. Ó béèrè bí a ó ṣe máa san án, ó sọ ọ́. Ó wá yíjú sí mi: “Mọ́mì, ẹ bá wa fọwọ́ sí i níbí, níbí àti níbí. Ẹ kàn ń ti Dádì lẹ́yìn ni.” Ibi mẹ́ta. Ó ti fi pẹ́ńsùlù sàmì sí wọn sílẹ̀ kí n má baà wá wọn tì. Mo nu ọwọ́ mi sára ìró, mo fọwọ́ sí i. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, oníbàárà kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń dúró de kóńgò méjì.

“Ẹ kàn ń ti Dádì lẹ́yìn ni.” Gbólóhùn tí mo gbọ́ nìyẹn. Ohun tó wà nínú ìwé, ó tó bí ọdún kan kí n tó mọ̀ ọ́n. Ibi àkọ́kọ́ sọ pé èmi àti ọkọ mi la jọ yá owó náà. Wọn kò tilẹ̀ kà mí sí onídùúró. Ìkejì fún ilé owó láṣẹ láti mú owó wọn nínú àkáǹtì yòówù tó bá so mọ́ BVN mi, nọ́ńbà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀ ní gbogbo báńkì. Ìkẹta sọ pé màṣíìnì ìránṣọ mi méjèèjì, tí mo fi owó iṣẹ́ ọwọ́ mi rà kí n tó lọ́kọ, jẹ́ ara ohun èlò ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n lè kó lọ bí a kò bá san gbèsè. Mo rántí pé ọmọ náà bi mí lọ́jọ́ náà bóyá mo ṣì ń ránṣọ. Mo rò pé ìkíni ni.

Àwa tí a ń ná ọjà ní Ìbàdàn ní orúkọ tí a ń pe irú owó yìí: gbọ́mú-lé-láńtà. Orúkọ náà lè pa àjèjì lẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ti rí àwọn agbowó tí wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń yọjú wò wọ́n láti ojú fèrèsé, kì í rẹ́rìn-ín sí i.

Bí nǹkan ṣe dàrú, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, torí ọ̀dọ̀ yín ni apá kan rẹ̀ ti wá. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, kí Ọ̀gbẹ́ni Cardoso tó dé, ẹ kéde pé ẹ máa pààrọ̀ owó náírà. Nígbà tó fi di oṣù Kìíní sí oṣù Kejì ọdún 2023, owó bébà di ohun tí à ń tò fún láti ìdájí. Adìyẹ kò mọ̀ pé owó ti wọ́n, ó ń yé ẹyin rẹ̀ lójoojúmọ́. Kírétì ẹyin ga dé àjà lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́sìn ní Olódó àti ní Àkànràn, kò sì sí owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ rà á. Kí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó sọ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún, àwọn kan ti ń kó adìyẹ tó ń yé ẹyin lọ fún àwọn tó ń pa á tà. Àwọn wọ̀nyí gan-an lorúkọ wọn wà nínú nóòtù mi. Èèyàn mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí náírà tún já wálẹ̀ ní oṣù Kẹfà, tí àgbàdo, sóyà àti oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ fíìdì gbówó lórí, ó di pé ọjà tí a bá tà, a kò lè fi owó rẹ̀ rà á padà mọ́. A san gbèsè fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà a kò rí i san mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì kan ní oṣù Kẹsàn-án ni àlẹ́ẹ̀tì dún lórí fóònù mi. Mo rò pé oníbàárà ló sanwó. Nígbà tí mo wò ó, ₦243,000 ló jáde. Báńkì mìíràn ni o, tí òun àti ilé owó yẹn kò bá ara wọn tan rárá, ibẹ̀ ni mo sì ń fi owó àjọ pamọ́ sí. Obìnrin méjìlá la jọ ń dá a, èmi ni wọ́n fọkàn tán láti máa kó o jọ. Ẹni tí ó kàn lóṣù náà ń ta gààrí, owó iléèwé ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ fi í san. Mo jókòó sórí pákó tí a ń to àpò lé, n kò lè dìde. Ìyá náà dé ní ọ̀sán, ó ti fọ ike tó máa fi bo owó náà mọ́lẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. N kò gbàgbé ike yẹn.

Bí mo ṣe mọ orúkọ ètò tí ẹ ń pè ní GSI nìyẹn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2020. Báńkì tí èèyàn bá jẹ ní gbèsè lè tọ BVN rẹ̀ lọ, kó mú owó náà ní báńkì yòówù tí ó bá wà. N kò wá bẹnu àtẹ́ lu ètò náà. Ẹni tó yáwó tó sì ná an, tó wá ń fi tirẹ̀ pamọ́ sí ibòmíràn tó ní òun kò ní, kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n idà tó mú tó báyìí, ó yẹ kí ẹni tí wọ́n ń nà án sí mọ̀ pé idà ni. Èmi na ọrùn sílẹ̀ torí mo rò pé gèlè ni wọ́n fẹ́ bá mi wé.

Agbẹjọ́rò kan tó ń wá sí ìjọ wa ló bá mi ka ìwé náà, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ní Yorùbá, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ yà mí lẹ́nu. Ó ní ìgbéyàwó kò sọ mí di onígbèsè. Gbèsè tí ọkọ jẹ, ti ọkọ ni. Ohun tí obìnrin ní kó tó lọ́kọ àtèyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ní nílé ọkọ, tirẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Bó bá ṣe pé ilé ni mo jókòó sí, ilẹ̀kùn mi kọ́ ni wọn ì bá kàn. Ìrànlọ́wọ́ mi ló fà mí wọ̀ ọ́.

Ó ní orúkọ òwò lásán tí èèyàn fi sílẹ̀ ní CAC, òfin kò kà á sí ẹni ọ̀tọ̀. Ọkọ mi àti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹnì kan náà ni wọ́n, gbèsè ṣọ́ọ̀bù sì lè dé orí ilẹ̀ tó rà àti ọkọ̀ tó ń gùn. Ká ní kọ́ńpìnnì ni, èyí tí CAMA, òfin kọ́ńpìnnì ọdún 2020, ti gba ẹnì kan ṣoṣo láyè láti dá sílẹ̀, gbèsè kọ́ńpìnnì ì bá dúró lọ́rùn kọ́ńpìnnì, àyàfi bí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe onídùúró fún un. Àwọn tó ń yáni lówó kì í sì í sábà yá kọ́ńpìnnì kékeré ní kọ́bọ̀ láìgba ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Ó tún ní ẹni tó bá ṣe bí ọ̀kan nínú àwọn olówò lójú àwọn èèyàn, tí wọ́n sì torí rẹ̀ ta àwìn, òfin lè kà á sí olówò, ì báà má gba kọ́bọ̀ nínú èrè. Mo rántí bọ́ọ̀dù. Mo rántí nọ́ńbà àkáǹtì mi lára ògiri. Mo bi í pé onídùúró ńkọ́, ṣebí ẹ̀yìn lonídùúró ń wà? Ó ní rárá, pé bí ìwé àdéhùn kò bá sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó náwó, ọ̀dọ̀ onídùúró ni ilé owó lè kọ́kọ́ gbà lọ.

Ti ṣẹ́ẹ̀kì ló dùn mí jù. Àwọn tí a ń kó fíìdì lọ́wọ́ wọn máa ń gba ṣẹ́ẹ̀kì tí a kọ ọjọ́ iwájú sí, kí wọ́n tó jẹ́ kí ọjà jáde. Bàbá àwọn ọmọ wà lọ́nà Ọ̀yọ́ nígbà kan ní oṣù Karùn-ún, ó pè mí pé kí n kọ ọ̀kan fún wọn, ₦950,000, pé àwọn ọlọ́sìn méjì ti ṣèlérí pé àwọn máa sanwó kí ọjọ́ náà tó pé. Wọn kò san án. Ṣẹ́ẹ̀kì náà padà. Bí mo ṣe ń wọn fíìdì lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan ni ọlọ́pàá méjì wọlé. Kóńgò ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan nínú wọn fi ṣẹ́ẹ̀kì náà hàn mí, ó ní, “Ta ló kọ ọ́?” Mo ní, “Èmi ni, ṣùgbọ́n ọkọ mi ló ni—” Ó ní, “Mi ò béèrè ẹni tó ni ín.” Wọ́n mú mi lọ.

Mo ti wá mọ̀ báyìí pé òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 kò gba ọlọ́pàá láyè láti mú ẹnikẹ́ni nítorí gbèsè lásán, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ mú ìyàwó dípò ọkọ. Ìyẹn dára, kí gbogbo obìnrin ọjà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ti ṣẹ́ẹ̀kì yàtọ̀. Láti ọdún 1977 ni òfin ti wà pé ẹni tó bá fi ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí gba ọjà lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura, àfi tó bá fi hàn pé òun ní ìdí gidi láti gbà pé owó máa wà níbẹ̀. Orí ẹni tó kọwọ́ sí i ni ẹjọ́ náà ń bọ́ sí. Kò sí ẹni tó sọ èyí fún mi ní báńkì lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n wá ya ọwọ́ mi sórí káàdì. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí ìbuwọ́lù mi má máa yí padà. A ta ọkọ̀ tí bàbá àwọn ọmọ fi ń kó ẹrù, a fi san owó náà, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì.

Bàbá àwọn ọmọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà, n kò rí i kó sunkún rí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú. Òun náà kò mọ ohun tó wà nínú ìwé. Kì í sì í ṣe ìyàwó nìkan ló ń bọ́ sínú rẹ̀. Mo mọ ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ń ta léèsì ní Gbági, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló fi ń san gbèsè tí kò ná nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n obìnrin ló ń jẹ ìyà náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ṣọ́ọ̀bù kẹta sí tiwa, ọkọ obìnrin kan kú lọ́dún tó kọjá. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ẹ mọ àṣà wa: ìyàwó kì í jogún ọkọ, àwọn ọmọ ló ń jogún, yálà wọ́n fi ìdí-igi pín in tàbí orí-ò-jorí. Ẹbí wá gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kó tó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Lọ́sẹ̀ kan náà, ọkùnrin kan láti ilé owó wá pẹ̀lú ìwé tí obìnrin náà ti fọwọ́ sí, pé obìnrin náà ni onídùúró. Ọjà kì í ṣe tirẹ̀, gbèsè ọjà ni tirẹ̀. Obìnrin náà ń bi mí pé báwo ni irú ìyẹn ṣe lè jẹ́. N kò mọ ohun tí mo lè sọ.

Láyé àwọn bàbá wa, èèyàn a máa wọ̀fà nítorí gbèsè tí ẹlòmíràn jẹ. Ohun tó burú ni, inú mi dùn pé ó ti lọ. Síbẹ̀, ìwọ̀fà mọ̀ pé ìwọ̀fà ni òun. Ojú ẹlẹ́rìí ni wọ́n ti sọ iye owó náà, ó mọ olówó tí òun ń sìn, ó mọ oko tí òun ó ro àti ọjọ́ tí òun ó lọ ro ó, èdè ìyá rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ gbogbo rẹ̀. Lọ́dún 2022, ní ìgboro Ìbàdàn, n kò rí tó ìyẹn gbà.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyí. Ní ọdún 2019, ẹ gbé ìlànà jáde láti dáàbò bo oníbàárà, ẹ ní kí báńkì máa ṣàlàyé àdéhùn kó yéni. Mo bẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ di ohun tí ilé owó kò lè fò. Ojú ìwé tí wọ́n bá ní kí ọkọ tàbí aya fọwọ́ sí, kó wà ní Yorùbá níbi tí wọ́n bá ti ń sọ Yorùbá, kó wà ní Háúsá, kó wà ní Ígbò, kó wà ní èdè tí ẹni náà ń sọ nílé. Kí òṣìṣẹ́ ilé owó kà á sókè fún un, kí òṣìṣẹ́ náà sì kọ orúkọ ara rẹ̀ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé òun lòun kà á. Èyí kì í ṣe nǹkan tuntun: òfin tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé ti ń béèrè ohun tó jọ ọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé láti ìgbà tí a kò tíì gba òmìnira. Kí wọ́n kọ iye tó máa já lé e lórí ní nọ́ńbà gàdàgbà, kì í ṣe “gbogbo owó yòówù”. Kí wọ́n fún un ní ẹ̀dà tirẹ̀ mú lọ sílé, kó sì ní ọjọ́ mélòó kan tó lè fi sọ pé òun kò ṣe mọ́.

Ohun kan ṣì wà tó ṣe pàtàkì lójú mi ju gbogbo ìyẹn lọ. Kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Kí ọkọ jáde síta ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀yin náà ń bẹ nílé ọkọ, ẹ̀yin náà ní aya nílé, ẹ mọ̀ pé kò sí ìyàwó tó máa jókòó ti ọkọ rẹ̀ níwájú àlejò kó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ mọ ohun tí òun ń fọwọ́ sí. Wọ́n á ní kò fọkàn tán an ni. Kí òṣìṣẹ́ bi í pé: ṣé ẹ̀yin lẹ ni òwò yìí, àbí ẹ kàn ń ṣèrànwọ́? Kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Bí wọ́n bá bi mí ní ìbéèrè yẹn lọ́jọ́ náà, ìdáhùn mi kì bá gùn ju ọ̀rọ̀ kan lọ, àwọn ìyá tí mo kó owó àjọ wọn jọ ì bá sì rí owó wọn gbà lásìkò.

N kò ní kí ẹ fagi lé gbèsè mi. Mò ń san án. ₦15,000 lóṣooṣù, mo ti padà sídìí màṣíìnì. Ọ̀kan ni wọ́n gbé lọ, wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀ nígbà tí agbẹjọ́rò kọ̀wé sí wọn. Mo ti san owó àjọ tán fún gbogbo àwọn obìnrin náà, ó gbà mí ní oṣù mẹ́jọ. Ìyá tó ń ta gààrí kò bá mi dá àjọ mọ́. N kò bá a wí.

Lóṣù tó kọjá, ìyàwó kékeré kan tó ń bá ọkọ rẹ̀ ta àwọn èròjà búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa mú ìwé kan wá bá mi. Ọmọkùnrin tó mú ìwé náà wá ń dúró dè é níta lórí ọ̀kadà, kò tilẹ̀ pa á. Ó ní wọ́n ní kí òun kàn fọwọ́ sí ibi tí wọ́n sàmì sí. Mo wò ó: pẹ́ńsùlù, ibi mẹ́ta. Mo ní kó lọ bẹ ọmọ náà kó wọlé wá kà á ní Yorùbá, kó sì kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀. Ọmọ náà ní òun ń padà bọ̀. Kò tíì padà di òní. Ìyàwó kékeré yẹn ń wò mí bí ẹni tó ba oríire òun jẹ́, ọkọ rẹ̀ kò sì kí mi mọ́ láàárọ̀.

Mò ń retí èsì yín, ẹ jọ̀wọ́, ní èdè tí mo gbọ́.

Èmi ni,
Ìyá aránṣọ kan, ọ̀nà Àkànràn, Ìbàdàn